Òjò Ń Rọ̀ Lórí Páànù, A Ń Ra Epo Fún Kàǹga

Ní ọgbà tí mò ń gbé n'Íbàdàn, owó méjì là ń dá lóṣooṣù: owó iná àti owó omi. Ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kọ wọ́n sí, ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì ń gbà wọ́n. Ìyá tó ń gbé nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún ló ń gba ti iná, torí pé òun kì í gbàgbé gbèsè ẹnikẹ́ni. Èmi ni wọ́n ní kí n máa gba ti omi, torí pé tíṣà ni mí, wọ́n sì gbà pé gbogbo tíṣà ló mọ ìṣirò. Ìṣirò yẹn ló là mí lójú pé owó kan ṣoṣo là ń dá. Nínú gbogbo náírà tó ń wọlé sọ́wọ́ mi fún omi, kò sí ọ̀kan tó ra omi. Omi inú ilẹ̀ kò béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Epo là ń fi owó náà rà, káàdì iná là ń fi rà, ìyókù ń lọ sápò àwọn tó ń tún súmò, ẹ̀rọ tó ń ti omi gòkè láti inú kàǹga, ṣe.

Ẹ jẹ́ ká tọpa omi náà láti ìsàlẹ̀. Kàǹga dẹ̀rọ̀ wà lẹ́yìn ilé, súmò wà nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún nínú òkùnkùn, tánkì méjì sì wà lórí òpó onírin tó ga ju òrùlé lọ. Tí iná bá wà, a ó tan án, omi á gòkè, ọ̀rọ̀ tán. Tí iná kò bá sí, jẹnẹrétọ̀ ló kàn. Kì í sì í ṣe jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé a sàn ju aládùúgbò wa lọ, "I pass my neighbour", o. Ìyẹn lè gbé fáànù àti tẹlifíṣọ̀n, kò lè jí súmò. Mọ́tò tó wà nídìí súmò máa ń fa iná lọ́nà tó bani lẹ́rù ní ìgbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣí, ní ìlọ́po mélòó kan ohun tó ń lò nígbà tó bá ti ń yí. Nítorí náà, súmò ọ̀kan-họ́ọ̀sì-páwà, tí agbára iṣẹ́ rẹ̀ kò ju nǹkan bí 750 wáàtì lọ, ń béèrè jẹnẹrétọ̀ ńlá kí ó tó gbà láti dìde. Jẹnẹrétọ̀ ńlá yẹn á wá máa jó epo púpọ̀ nídìí iṣẹ́ tí kò tó nǹkan.

Nígbà tí lítà epo kò tíì tó 200 náírà, kò sẹ́ni tó ń ronú sí i. Lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, owó epo ti dé nǹkan bí 500. Nígbà tí ọdún 2024 yóò fi kógbá sílé, ó ti lé ní 1,000 ní ọ̀pọ̀ ìlú. Iná náà kò sì jókòó síbì kan. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àwọn tó wà ní Band A, àwọn tí wọ́n ṣèlérí wákàtí 20 lójúmọ́ fún, bá ara wọn níbi tí yúníìtì kan ti fò láti 68 náírà sí 225. Gbogbo ayé ló sọ̀rọ̀ owó ọkọ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ owó oúnjẹ. Ẹnikẹ́ni kò wá sórí rédíò wá kéde pé owó omi ti gòkè, bẹ́ẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn.

Mo jókòó ṣe ìṣirò rẹ̀ nínú ìwé owó omi náà. Láti gbé 1,000 lítà omi gòkè láti inú kàǹga dé orí tánkì, tí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ 60 mítà, iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ gan-an kò tó ìdá márùn-ún yúníìtì iná kan. Súmò kì í ṣe áńgẹ́lì, ó ń fi iná ṣòfò, nítorí náà ẹ jẹ́ ká sọ pé yúníìtì 0.4 ló máa jẹ. Lórí 225 náírà, 90 náírà nìyẹn fún 1,000 lítà. Ẹ wá gbé iṣẹ́ kan náà fún jẹnẹrétọ̀. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń jó lítà epo kan ní wákàtí kan, tí súmò sì ń gbé 1,500 lítà omi gòkè ní wákàtí yẹn, nǹkan bí 670 náírà la fi gbé 1,000 lítà, tí epo bá wà ní 1,000. Omi kan náà, kàǹga kan náà, òpó kan náà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 90 àti 670, ooru àti èéfín ló gbé e lọ. Lítà bẹntiróòlù kan tó bá jó a máa tú kábọ́ọ̀nù dáyọ́síàdì tó tó kílò méjì àbọ̀ ó dín díẹ̀ sínú afẹ́fẹ́.

Mi ò ní tìtorí èyí máa nàka sí ẹni tó ń tan jẹ́n. Gbogbo Áfíríkà lápapọ̀, ohun tí à ń tú sókè nínú kábọ́ọ̀nù tí aráyé ń tú lọ́dọọdún kò tó ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá fẹ́ wá wàásù ojú ọjọ́ fún ìyá tó ń tan jẹ́n kí ẹja rẹ̀ má bàa bàjẹ́, kí ó kọ́kọ́ lọ wàásù fún àwọn tí ń dáná sun gáàsì ní Niger Delta tọ̀sán-tòru láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wa epo nílẹ̀ yìí. Ohun tó ń dùn mí ni pé a ń ná owó náà, a ń fa èéfín rẹ̀ símú, omi náà kò sì dájú.

Kò dájú nítorí irú ilẹ̀ tí a kọ́lé sí. Àpáta ni Ìbàdàn jókòó lé. Ẹni tó bá ti gun Òkè Mápó tàbí Òkè Àrẹ̀mọ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé. Ní Èkó, yanrìn tó jìn ló wà nísàlẹ̀, omi pọ̀ nínú rẹ̀, wàhálà tiwọn ni kí omi iyọ̀ òkun má wọ inú rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, omi ń gbé inú ilẹ̀ tó ti rà lórí àpáta, àti nínú àwọn ibi tí àpáta gbé sán. Àyè ibẹ̀ kò pọ̀. Òjò ló ń kún un, ọ̀gbẹlẹ̀ ló ń fà á gbẹ. Tí ó bá di oṣù Kejì, tí ọyẹ́ ti fẹ́ títí, kàǹga táa fọwọ́ gbẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrẹ̀ wá. Nínú tiwa, súmò á máa fa afẹ́fẹ́ mọ́ omi, ariwo rẹ̀ á yí padà, a ó gbọ́ ọ tí ó ń han. Bí ẹni tó tàn án kò bá tètè pa á, yóò jó.

Àwọn tó wá fà á jáde lọ́dún tó jó ní kí a lu kàǹga náà jìn sí i. Ohun tí wọ́n máa ń sọ nìyẹn, iṣẹ́ wọn ni. Aládùúgbò wa lápá òsì ti lu tirẹ̀ jìn sí i kí a tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, àwọn ará iwájú náà ń gbèrò rẹ̀. Bí a bá sì lu tiwa jìn, a ó ra súmò tó lágbára sí i, jẹnẹrétọ̀ á tún tóbi sí i, epo á tún pọ̀ sí i, láti fa nínú ìwọ̀nba omi kan náà tí gbogbo àdúgbò fẹnu sí. Kò sí ẹni tó ń wọn ìwọ̀n tó ń lọ. Kò tún sí ẹni tó ń bojú tó bí sọ̀kawéè ilé kan ṣe súnmọ́ kàǹga ilé kejì. Àní, nígbà tí a ti da kọnkéré sí gbogbo àgbàlá, tí a fi íńtálọ́ọ̀kì ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ kí ẹrẹ̀ má bàa bà wá ní bàtà jẹ́, ibo ni òjò fẹ́ gbà wọnú ilẹ̀ lọ bá àpáta?

Ìgbà tí òjò kan ń rọ̀ ni mo bá bàbá onílé sọ ọ́. Òjò ńlá ni, irú èyí tí kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń sọ lábẹ́ páànù. A dúró sí ẹnu ọ̀nà, à ń wo ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ tó ń ya lulẹ̀ láti òrùlé yí ilé ká, tó ń gba ẹ̀gbẹ́ kàǹga kọjá lọ sí gọ́tà, tí gọ́tà ń gbé e lọ. Lẹ́yìn ilé, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo. Wọ́n ń pọnmi.

"Bàbá, ẹ wo omi tó ń lọ yẹn."

"Tíṣà, ṣebí omi òjò ni. Ta ló tún ń fi omi òjò ṣe nǹkan lóde òní?"

"Ẹ̀yin náà fi ṣe nǹkan rí, Bàbá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Òun la mu dàgbà kẹ̀! Ìgbà yẹn, kò sí dẹ̀rọ̀."

Òrùlé ilé wa gùn tó 20 mítà, ó fẹ̀ tó 10. Lórí irú òrùlé bẹ́ẹ̀, mìlímítà òjò kan ṣoṣo jẹ́ 200 lítà. Òjò gidi kan, èyí tó tó 50 mìlímítà, 10,000 lítà ló dà lé e lórí ní ọ̀sán kan. Ẹ yọ ìdá márùn-ún rẹ̀ kúrò fún èyí tó ta síta àti èyí tí a dà nù, tánkì onílítà 2,000 mẹ́rin ló kù. Òjò Ìbàdàn lọ́dún kan ń lọ sí nǹkan bí 1,200 mìlímítà. Ẹ bá mi ṣe ìyókù. Ó lé díẹ̀ ní lítà 190,000, fún ilé tí èèyàn bí ogún ń gbé. Tí a bá lè pa gbogbo rẹ̀ mọ́ jálẹ̀ ọdún, ẹnì kọ̀ọ̀kan á rí nǹkan bí lítà 26 lójúmọ́. Kò tó. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé láti 50 sí 100 lítà ni èèyàn nílò lóòjọ́. A kò sì lè pa gbogbo rẹ̀ mọ́, nítorí kò sí àyè tánkì. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹrin dé oṣù Kẹwàá, omi ìfọṣọ, omi ìwẹ̀, omi tí à ń dà sí ilé ìyàgbẹ́, a lè rí ìpín ńlá nínú rẹ̀ láìtan súmò. Omi náà ti wà lókè. Ọ̀run ló gbé e dé orí òrùlé lọ́fẹ̀ẹ́. Àwa la jẹ́ kó já bọ́ sílẹ̀, kó wọ inú ilẹ̀ tàbí inú gọ́tà, kí a tó wá fi epo 1,000 náírà gbé e padà sí ibi tó ti wà.

Ní agbo ilé ìyá mi n'Ísẹ́yìn, a kì í ṣe irú òmùgọ̀ yẹn. Àkòdì ni wọ́n ń kọ́ láyé àtijọ́: òrùlé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjú síra wọn, wọ́n sì dà sínú àgbàlá kan láàárín. Ìkòkò ńlá ló ń gbe omi náà. Ìyá màmá mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbe omi òjò àkọ́rọ̀. Kó fọ eruku ọdún kúrò lórí ilé ná, ni wọ́n máa ń wí. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn wú ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ jáde, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó gbé láyé ní nǹkan bí ẹgbẹ̀ta sí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, wọ́n sì rí ìkòkò tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nínú irú àgbàlá bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn yẹn kò dúró de ẹnikẹ́ni láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó wá dá wọn lẹ́kọ̀ọ́ nípa omi. Nígbà tí páànù dé, tí ilé onípètẹ́ẹ̀sì dé, a yí òrùlé kọjú síta, a sì kọ ẹ̀yìn sí omi.

Ohun tí a ṣe kò díjú. Káfíńtà kan mú páìpù onírọ́bà tó fẹ̀, ó là á sí méjì lóòró, ó fi irin so ó mọ́ ìdí òrùlé. Èyí tó gba ọgbọ́n ni bí páìpù náà ṣe máa tẹ̀ díẹ̀ sápá kan. Tí kò bá tẹ̀, omi á dúró nínú rẹ̀, ẹ̀fọn á bí ọmọ síbẹ̀. Tí ó bá tẹ̀ jù, òjò ńlá á fò ó. Okùn àti ike omi ló fi wọ̀n ọ́n, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, títí tí omi tí mo dà sí ìpẹ̀kun kan fi ń lọ jẹ́jẹ́ sí ìpẹ̀kun kejì. Kí omi tó wọ tánkì òjò tí a gbé sísàlẹ̀ òrùlé, ó ń kọ́kọ́ bọ́ sínú páìpù kan tó dúró lóòró, tí a dé nísàlẹ̀. Omi àkọ́kọ́ tó fọ òrùlé, tòun ti eruku ọyẹ́, ìgbẹ́ ẹyẹ àti ewé máńgòrò, inú ibẹ̀ ló ń kún. Tí ó bá kún tán, omi tó mọ́ á gba orí rẹ̀ kọjá sínú tánkì. Lẹ́yìn òjò, ẹnì kan á ṣí ìdérí ìsàlẹ̀, á da ìdọ̀tí náà sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Òjò oṣù Kẹta àkọ́kọ́, omi tó jáde níbẹ̀ pupa, ó kún fún yanrìn wẹ́wẹ́. Bí a ti ń wò ó, bàbá onílé kàn mi orí ni. Nẹ́ẹ̀tì tó dán wà lẹ́nu tánkì nítorí ẹ̀fọn. Fún mímu, a ṣì ń sè é. Ẹni tí òrùlé rẹ̀ bá jẹ́ asibẹ́sítọ́ọ̀sì àtijọ́, kí ó má wulẹ̀ dán an wò fún mímu rárá.

Àǹfààní kan wà tí mi ò kà sí nígbà tí mo ń ṣe ìṣirò epo. Àgbàrá òjò ní òun á wólé, onílé ló ní òun ò gbà. Ṣé ẹ mọ ibi tí àgbàrá Ìbàdàn ti ń bẹ̀rẹ̀? Lórí òrùlé wa ni. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, òjò tó rọ̀ láàárín wákàtí mélòó kan tó nǹkan bí 187 mìlímítà. Lórí òrùlé tó tóbi tó tiwa, lítà tó lé ní 37,000 nìyẹn. Ẹ wá ro gbogbo páànù tó wà láti Ẹlẹ́yẹlé dé Apẹtẹ, títí lọ dé Òde-Ajé. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ń gbà lọ, odò tí a ti da ìdọ̀tí dí, tí a sì ti kọ́lé sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó lé ní 100 èèyàn tó bá a lọ. Ó gbé afárá lọ, ó sì ba dáàmù Ẹlẹ́yẹlé jẹ́, èyí tó ti wà lórí odò Ọnà láti ọdún 1942. Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ ń sọ pé ó rán wọn létí Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, tó pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn. Ní ọdún 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là fún iṣẹ́ ìdènà omíyalé n'Íbàdàn.

Mi ò ní parọ́: tánkì òjò wa kò lè dá irú òjò bẹ́ẹ̀ dúró. Yóò kún kí òjò tó débi kankan. Ṣùgbọ́n kì í ṣe irú òjò yẹn nìkan ló ń dà wá láàmú. Afẹ́fẹ́ tó bá gbóná sí i ní dígírì kan lè gba nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún omi sí i mọ́ra, nígbà tó bá sì máa tú u sílẹ̀, ó ń tú u lẹ́ẹ̀kan náà ni. Òjò tí ìyá màmá mi mọ̀ máa ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ títí dalẹ́. Èyí tí èmi ń rí ń dá àwọn àgbẹ̀ dúró títí tí wọ́n á fi sọ ìrètí nù, lẹ́yìn náà yóò kó ti ọ̀sẹ̀ kan wá ní wákàtí kan. Irú òjò bẹ́ẹ̀ kì í dúró kí ilẹ̀ mu ún. Ẹni tí kò bá ní ohun tó fi gbe é, àgbàrá rẹ̀ nìkan ló máa rí.

Èyí tó kan ilé kan yìí náà ló kan orílẹ̀-èdè. Àwọn baba wa kò ya iná àti omi nípá. Ṣàngó ló ni iná, ta sì ni àwọn ìyàwó rẹ̀? Ọya, Ọ̀ṣun, Ọbà, odò ni gbogbo wọn. Ère Ṣàngó tí Ben Enwonwu ṣe ló dúró níwájú ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ní Marina l'Ékòó láti àwọn ọdún 1960. Ẹni tó gbé e síbẹ̀ ṣe dáadáa, àmọ́ ó yẹ kó gbé Ọya tì í, nítorí Odò Ọya ló ń yí ẹ̀rọ dáàmù Kainji tó ń pèsè iná. Omi Ọ̀ṣun ló wà ní dáàmù Aṣéjìrè, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1972 kí Ìbàdàn lè rí omi mu. Omi náà kò sì lè dé Ìbàdàn láìsí iná tí yóò fi tì í.

Kainji wú mi lórí gan-an. Wọ́n ṣí i ní ọdún 1969, ó lè pèsè 760 mẹ́gáwáàtì, ẹ̀rọ mẹ́jọ ló wà níbẹ̀ nínú méjìlá tí wọ́n fi sí ètò. Ìgbà méjì ni omi ń wá bá a lọ́dún. Ti àkọ́kọ́ ni òjò tó rọ̀ nítòsí, ó kún fún ẹrẹ̀, ó funfun. Ó ń dé láàárín oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹwàá. Èkejì ni omi dúdú, tó mọ́ kedere, tó bẹ̀rẹ̀ láti òkè Guinea, tó rìn gba Mali, tó tàn ká ilẹ̀ àbàtà ibẹ̀ kó tó tún gba Niger kọjá. Ìgbà tí àwa bá ti wà nínú ọyẹ́ ló tó ń dé. Ìyẹn ni pé iná tí èèyàn tàn ní Ṣakí nínú ọyẹ́ lè jẹ́ òjò tó ti rọ̀ ní Guinea ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Bí àwọn tó wà lókè bá fa omi náà, tàbí òjò wọn kò rọ̀, a ó mọ̀ ọ́n lára. Tí omi bá ti ṣiṣẹ́ tán ní Kainji, ó ń ṣàn lọ sí Jẹ́bà, ó tún ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, mẹ́gáwáàtì tó lé ní 570. Omi kan, iṣẹ́ méjì. Irú ìlò omi tó dára jù tí mo mọ̀ nílẹ̀ yìí nìyẹn.

Lódìkejì rẹ̀ ni dáàmù Ọ̀yán, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ọdún 1983 ni Ààrẹ Ṣàgàrí ṣí i. Ó gba 270 mílíọ̀nù mítà kúbíìkì omi, Èkó àti Abẹ́òkúta ń rí omi níbẹ̀. Wọ́n gbé tọ́báìnì mẹ́ta, ẹ̀rọ tí omi ń yí láti pèsè iná, sí i, mẹ́gáwáàtì mẹ́ta mẹ́ta, ó sì lé lógún ọdún tí wọ́n wà níbẹ̀ láìtan gílóòbù kan. Omi ń jáde lójoojúmọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àwọn ará Ìṣẹrì àti Ajégúnlẹ̀ ti Ìkòròdú Road mọ Ọ̀yán dáadáa, nítorí nígbà tí wọ́n bá ṣí i nínú òjò, ilé wọn ni omi ń wọ̀. Mi ò sì lè dá àwọn tó ń ṣí i lẹ́bi pátápátá. Dáàmù dà bí àmù tí orogún méjì jọ ń lò: ẹni tó fẹ́ mu omi fẹ́ kó kún dẹ́nu, ẹni tó ń bẹ̀rù òjò fẹ́ kó ṣófo kí ó lè gba èyí tó ń bọ̀. Nígbà tí àsìkò òjò ṣe é gbára lé, èèyàn lè mọ ìgbà tó yẹ kó sọ ọ́ kalẹ̀ àti ìgbà tó yẹ kó jẹ́ kó kún. Ní báyìí tí òjò ti ń ṣe bó ṣe wù ú, ìpinnu yẹn ti di tẹ́tẹ́, ilé àwọn ará ìsàlẹ̀ odò ni wọ́n sì ń fi ta á.

Ọ̀rọ̀ dáàmù yìí ló jẹ́ kí n rí ohun tó wà lórí òpó onírin wa. Omi tó wà lókè, iná tí a ti tọ́jú ni. Kainji ń pa omi mọ́ kí ó lè tú u sílẹ̀ nígbà tí a bá nílò iná. Tánkì wa náà lè pa iṣẹ́ tí iná ti ṣe mọ́. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ sólà dé ìpàdé, tí gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ bátìrì tó wọ́n ju ilẹ̀ lọ, mo ní kí a gbàgbé bátìrì ná. Páànẹ́lì sólà lè máa gbé súmò tí wọ́n ṣe fún un ní tààrà. Tí oòrùn bá yọ, ó ń fa omi; tí oòrùn bá wọ̀, ó sinmi. Súmò bẹ́ẹ̀ kì í já lójijì bíi ti àtijọ́, ó ń bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, nítorí náà kò béèrè agbára ńlá tó ń dẹ́rù ba jẹnẹrétọ̀. Ta ló bìkítà bóyá òru ni wọ́n fa omi tàbí ọ̀sán, bí tánkì bá ti kún? Oṣù tí ìkùukùu bá ń bo oòrùn, oṣù Keje àti Kẹjọ, òrùlé ló ń fún wa lómi. Oṣù tí òrùlé bá gbẹ, oòrùn ń ràn dáadáa. Ọyẹ́ nìkan ló ń fẹ́ ṣe àrékérekè, eruku rẹ̀ ń bo páànẹ́lì, a sì ní láti máa fọ̀ ọ́. A ń fi omi fọ ohun tó ń fún wa lómi. Àwọn ọmọ ilé fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn.

Ohun kan ṣì ń yọ mí lẹ́nu nínú gbogbo ọgbọ́n yìí. Ẹni tó ní òrùlé, tó ní àyè fún tánkì, tó sì bá àwọn ará ilé rẹ̀ rẹ́, òun ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń gbé yàrá kan ní Bẹẹrẹ, tó ń ra omi ní kẹ́ẹ̀gì kẹ́ẹ̀gì, tó ń ra píọ̀ wọ́tà mu, owó omi tirẹ̀ ju tèmi lọ ní lítà sí lítà, kò sì ní òrùlé tí ó fẹ́ so páìpù mọ́. Ilé kọ̀ọ̀kan ti di ìjọba ara rẹ̀: a ń fa omi wa, a ń pèsè iná wa, à ń gba ọdẹ wa. Mi ò gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Omi ẹ̀rọ tó ń gba inú páìpù wá láti Aṣéjìrè, tí iná kan tó dúró ń tì í, yóò jó epo tó kéré sí i fún lítà kan ju ẹgbẹ̀rún jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo ní ẹgbẹ̀rún ẹ̀yìnkùlé lọ. Bí wọ́n bá dá páìpù yẹn padà lọ́la, èmi ni màá kọ́kọ́ san owó rẹ̀.

Ní báyìí ná, ìjà tó wà lórí ilẹ̀ ní ọgbà wa kì í ṣe ti ojú ọjọ́. Àwọn ayálégbé ló dá owó tánkì òjò àti páìpù. Bàbá onílé ló ra páànẹ́lì. Ẹni tó wà lókè lọ́wọ́ òsì ń múra àtikó lọ, ó ní kí a dá ìpín òun padà. Bàbá ní ohun tí wọ́n bá ti kàn mọ́ ilé, ti ilé ni. Ìyá tó ń gba owó iná ní kí ẹni tó bá ń bọ̀ wá gba yàrá náà san án fún ẹni tó ń lọ, kó wà nínú ìwé àdéhùn láti ìsinsìnyí lọ. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí, mo sì ti kọ ọ́ sínú ìwé owó omi. Bàbá ní àwọn á rò ó wò. Ìpàdé tún di ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.